Eyín Ọ̀pọ̀lọ́

Ní Ìdí-Ẹ̀gbà, ìlú àwọn apẹja tó wà láàárín ẹrẹ̀ àti ọ̀sà, Olúpìtàn nìkan ló mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe. Kí ó tó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń tún àwọ̀n rán, òfin kan ṣoṣo tí ó sì fi lé e lọ́wọ́ ni pé ibi tó bá ya ni kí ó rán. Ẹni tó bá tú odindi àwọ̀n palẹ̀ nítorí ihò kan, ebi ni yóò fi pa ilé rẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń lo òfin yìí. Bí òrùlé bá jò, ibi tó jò ni wọ́n ń dí. Bí ọkọ̀ ojú omi bá lu, òwú díẹ̀ àti ọ̀dà ti tó o. Wọ́n ṣe é títí, kò sì já wọn kulẹ̀.

Ìṣòro tí wọ́n ní kò ju ti ọ̀nà lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi tó yí ìlú ká á fà, ọkọ̀ ojú omi kò ní lè kọjá, ẹrẹ̀ á sì mu ènìyàn dé ìbàdí. Ọ̀sà nìkan ni kì í gbẹ, òdìkejì ọ̀sà sì ni ọsibítù wà. Àwọn kan tó wá wọn ilẹ̀ agbègbè náà ló fi ọkọ̀ kan ta ìlú lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ń lọ. Táyà mẹ́jọ ló ní, ikùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Ó ń rìn lórí ẹrẹ̀, bó bá sì bọ́ sómi, àwọn táyà náà a máa wa omi bí àjẹ̀ lọ́wọ́ atukọ̀. Nítorí pé ó ń gbé ilẹ̀, tó tún ń gbé omi, wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀pọ̀lọ́.

Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe Ọ̀pọ̀lọ́ ni ṣéènì. Lábẹ́ pákó tí èrò ń gbẹ́sẹ̀ lé ni ṣéènì méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n gun orí àwọn irin róbótó oníeyín tó ń yí táyà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní eyín. Omi iyọ̀ jẹ ṣéènì òsì títí ó fi já. Olúpìtàn yọ ojú kan tó bàjẹ́, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣéènì tún já níbòmíràn, ó tún so ó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Yéjídé ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Bàbá Mojírayọ̀, ṣé ṣéènì nìyí ni, àbí ẹ̀wù alágbe?"

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín fún Olúpìtàn. Mojírayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti lóyún oṣù mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dé. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba àkọ́bí rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ tó ń tọ́jú àwọn aboyún ìlú sì ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ bí èyí nílé. Bí ìrọbí bá mú un ní ọjọ́ tí Ọ̀pọ̀lọ́ kò lè rìn, àtìyá àtọmọ lè bá a lọ. Olúpìtàn tọ Ọlọ́jà lọ, ẹni tó jẹ́ olórí ìlú. Ọlọ́jà kó ìlú jọ, wọ́n dáwó, wọ́n sì ní kí Olúpìtàn rọra wa Ọ̀pọ̀lọ́ lọ sí òdìkejì ọ̀sà kó lọ ra ṣéènì tuntun.

Obìnrin kan ló ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, Ìyá Sàdíátù ni wọ́n ń pè é. Ó gbé ṣéènì sílẹ̀, ó sì béèrè pé, "Bàbá, eyín mélòó ni kí n kó kún un?"

"Eyín kẹ̀? Eyín ò já. Ṣéènì ló já."

"Ṣé ẹ ti wo eyín ọ̀hún ṣá? Bí ṣéènì bá ń gbó, eyín ló ń jẹ lábẹ́lẹ̀."

"Ìyá, ṣéènì ni mo bá wá."

"Ó dáa, ọ̀gá gbogbo mẹkáníìkì. Ẹ gbé ṣéènì yín."

Kì í ṣe pé Olúpìtàn kò rí àwọn eyín náà. Ó ti rí i pé wọ́n ti tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ti tẹ̀ síwájú bí ìwọ̀ tí a fi ń dẹ ẹja. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè yọ wọ́n, yóò tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀gbẹ́ òsì, yóò fa àwọn ọ̀pá irin tó gbé wọn jáde, ìpẹtà sì ti lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni. Ó wo ikùn ọmọ rẹ̀, ó wo iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní ibi tó ya náà ni òun yóò rán. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti de ṣéènì tuntun náà, ó ti fi gríìsì pa á. Ọlọ́jà fúnra rẹ̀ gun Ọ̀pọ̀lọ́ yí ìlú ká, àwọn ènìyàn sì ń pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, láàárọ̀, ìrọbí mú Mojírayọ̀. Wọ́n gbé e sínú Ọ̀pọ̀lọ́. Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ jókòó tì í, Yéjídé náà sì wọlé pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́, nítorí kò sí ọmọ Ìdí-Ẹ̀gbà tó ń wọ omi láìmú àjẹ̀ dání. Wọ́n la ẹrẹ̀ já, wọ́n bọ́ sójú ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì, nǹkan kan ró gbàù lábẹ́ pákó. Àwọn táyà òsì dúró, ti ọ̀tún ń yí lọ, Ọ̀pọ̀lọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Olúpìtàn pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí pákó. Ṣéènì tuntun náà, tí gríìsì rẹ̀ kò tíì dúdú, ti já sí méjì. Àwọn ìwọ̀ náà ti gún ojú rẹ̀, wọ́n sì ti fà á ya.

Mojírayọ̀ ké. Nọ́ọ̀sì ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọmọ yìí ò ní dúró de ṣéènì o!"

Ọwọ́ Olúpìtàn ti wà lórí sípánà, ó ti ń wá ojú kan tí yóò fi so ó. Yéjídé gbá ọwọ́ náà. "Ẹ tún fẹ́ rán an? Ẹ dìde! Ọ̀tún ṣì ń ṣiṣẹ́, àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n a ó kàn máa yí po ni."

"Èmi ni n ó jẹ́ òsì." Ó kúnlẹ̀ sí etí ọkọ̀ lápá òsì, ó ti àjẹ̀ bọmi. "Ẹ máa wa ẹ̀rọ yín, èmi ó máa wa omi mi. Ẹ má sáré jù mí lọ!"

Olúpìtàn tan ẹ́ńjìnnì, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Bí táyà ọ̀tún bá tì wọ́n sósì, àjẹ̀ Yéjídé á tì wọ́n padà sọ́tùn-ún. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ṣe ségesège, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ọwọ́ Yéjídé bó, ẹ̀jẹ̀ ń bá ọ̀pá àjẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kò gbé e sílẹ̀. Ó ń wà á bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù sáré gbé Mojírayọ̀ wọlé. Dókítà ní bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ohun tí òun ì bá gbé jáde kì í ṣe ọmọ tó ń sunkún.

Nígbà tí Olúpìtàn gbọ́ igbe ọmọ, kò jókòó. Pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ó gba ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sàdíátù lọ. Ó ra ṣéènì, ó sì ra gbogbo eyín tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Etí omi níbẹ̀ ló ti tú Ọ̀pọ̀lọ́ palẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì rin àwọn nọ́ọ̀tù, ó fi iná yá wọn, ó fi òòlù lù wọ́n. Àwọn tí kò gbọ́, ó tún padà sí orí wọn lọ́jọ́ kejì.

Ní ọjọ́ kẹta, Ọlọ́jà wọ́ ẹrẹ̀ kọjá, ó wọ ọkọ̀ ojú omi gba ọ̀sà, ó sì wá wò ó. "Olúpìtàn, o mà ti ní ṣéènì míràn lọ́wọ́. Dè é, jẹ́ kí á máa lọ sílé. Ìlú ń retí ọkọ̀."

Olúpìtàn gbé eyín àtijọ́ kan, ó tẹ́ ṣéènì tuntun lé e lórí níwájú Ọlọ́jà. Ṣéènì kò jókòó. Ó gun orí àwọn ìwọ̀ náà, ó ń mì.

"Ọlọ́jà, ẹ wò ó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lọ rà lọ́jọ́sí, tí mo pè é ní ṣéènì. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Mi ò ní kúrò níbí títí eyín tó kẹ́yìn yóò fi wọlé."

Ọlọ́jà wo eyín, ó wo ọwọ́ Olúpìtàn tó ti bó. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó ní, "Èwo ni kí n bá ọ dì mú?"

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé Mojírayọ̀ àti ọmọ tuntun gba ojú ọ̀sà padà, Ọ̀pọ̀lọ́ sì lọ tààrà. Ọdún mẹ́fà ni ṣéènì náà fi ṣiṣẹ́. Ọlọ́jà ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé ìlú, lọ́jọ́ tí àwọn kan fẹ́ parí ìjà láìwádìí ohun tó dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà etí ọ̀sà ti gbé e, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ẹni tó pààrọ̀ ṣéènì tí kò pààrọ̀ eyín, ọjọ́ jíjá ló sún síwájú.