Ìpè Kẹta

Àlọ́ o.
Àlọ̀.
Àlọ́ mi gbéra láàárín èéfín oko, ó balẹ̀ sórí Ọ̀yà tó ń kánjú.

Láyé ìgbà tí ẹranko ń dáko, tí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á kó o jọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tiná bọ̀ ọ́, ẹni tó loko gbọ́dọ̀ kọrin ìpè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹni ń sùn nínú igbó, jáde o.
— Iná ń bọ̀.

Lọ́dún kan, Ọ̀yà kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Àparò fò jáde. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, Òkété sáré jáde. Ni Ọ̀yà bá mú iná.

Àparò ní, “Bàbá Ọ̀yà, ó ku ẹ̀ẹ̀kan.”

“Ta ló kù tí kò tíì gbọ́? Atẹ́gùn ti fẹ́ yí padà.”

Ó tiná bọ̀ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ tutù, wọ́n bá Ìgbín nínú eérú, ìkarahun rẹ̀ funfun báláú, ó kọjú sọ́nà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Ìgbín máa ń sé ẹnu ilé rẹ̀ pa sùn. Ìpè kìíní ló jí i, ìkejì ló fi ṣílẹ̀kùn, ìkẹta ni ì bá fi jáde.

Ọ̀yà jókòó tì í, ó kọ orin ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà. Kò sí ẹni tó gbè é.

Tí èéfín oko bá ń rùn báyìí, mo ṣì máa ń gbọ́ ohùn ìyá mi àgbà tí ó ń pè létí igbó. Ẹ̀yin ọmọ mi, tó bá kàn yín, ẹ má ṣe dúró síbi ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ti Ìgbín ni.