Ìbídùn Pe Láníyì Síbi Iṣẹ́

Nígbà tí ilé búrẹ́dì tí Ìbídùn ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìkìrun kógbá wọlé, ó gbọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì kan l'Óṣogbo ń wá ẹni tí yóò máa ṣe búrẹ́dì. Ó pe Láníyì, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Ilé búrẹ́dì mìíràn n'Ìkìrun ni Láníyì ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni ìyàwó rẹ̀ ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n Ìbídùn, tó jẹ́ aránṣọ, ní, "Ebi ń pa ọ́, o tún ń pe èèyàn síbi àwo kan ṣoṣo?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfarakanra."

Wọ́n dán àwọn méjèèjì wò, wọ́n sì mú Láníyì. Ìbídùn kí i kú oríire, àmọ́ tìbànújẹ́-tìbànújẹ́ ló fi padà sílé.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá Láníyì n'Ìkìrun fi pe Ìbídùn. "Láníyì ní tí òun bá lọ, ìwọ ni kí n mú. Ìgbà wo lo máa bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ ò rí i pé ẹyẹ tó fò lọ fi àyè sílẹ̀ fún òmíràn.

Nígbà tí Ìbídùn gbé búrẹ́dì gbígbóná wálé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bù ú jẹ, ó ní, "Bá mi bi Láníyì, ṣé òtẹ́ẹ̀lì yẹn ò nílò aránṣọ?"