Àyọ̀ká àti Ìgbín Ìsàlẹ̀ Òkun

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹni tó bá sùn, òun ló mọ̀ o. Ààlọ́ mi já wìì, ó di ìsàlẹ̀ òkun, ó bà lé àwọn ọ̀rẹ́ méjì.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà létí òkun. Iṣẹ́ aṣọ rírẹ ni wọ́n ń ṣe. Lọ́dọọdún, òmùwẹ̀ kan á lọ wo ìgbín òkun, àwọn tí kò ní ìkarahun. Ìyá kan náà ló bí wọn, àwọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Àwọ̀ tí òmùwẹ̀ bá rí ni wọ́n á fi rẹ aṣọ ọdún. Wọn kì í wọ àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Àwẹ̀ró ni òmùwẹ̀. Àyọ̀ká, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń di okùn tí wọ́n so mọ́ ọn lára mú nínú ọkọ̀. Lọ́dún kìn-ín-ní, Àwẹ̀ró rí aláwọ̀ aró. Ìlú yìn ín. Lọ́dún kejì, ó rí pupa bí osùn. Ìlú yìn ín. Ta ló yin Àyọ̀ká? Kò sẹ́ni kankan!

Àyọ̀ká ń kùn. "Èmi tí mò ń fà á jáde ńkọ́? Ṣé ojú tirẹ̀ nìkan ni ojú?" Ìlara, àrùn tí kò lóògùn!

Lọ́dún kẹta, ó ní, "Àwẹ̀ró, èmi ló kàn."

Àwẹ̀ró ní, "Ọ̀rẹ́ mi, máa lọ. Bí èémí rẹ bá fẹ́ tán, fa okùn."

Àyọ̀ká rì. Ó rí aláwọ̀ aró. "Ti Àwẹ̀ró nìyẹn." Ó rí pupa. "Ti Àwẹ̀ró nìyẹn." Ẹ̀kẹta wà lábẹ́ àpáta.

Ìgbín náà ní, "Sún mọ́ mi, wò mí dáadáa."

Àyọ̀ká ní, "Àwẹ̀ró á ti rí irú rẹ. Èyí tó máa pa á lẹ́nu mọ́ ni mò ń wá." Kò tiẹ̀ bojú wò ó. Okùn kò gùn tó mọ́. Wèrè obìnrin! Ó tú u lára, ó kọrí sí ọ̀gbun.

Lókè, okùn fúyẹ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Ẹ bá mi gbè é o:

Àyọ̀ká o, fa okùn!
Omi jìn o!
Ọ̀rẹ́ mi o, fa okùn!
Omi jìn o!
Má sùn síbẹ̀, fa okùn!
Omi jìn o!

Okùn kò mì. Àwẹ̀ró bẹ́ sómi láìsí ẹni tó máa di okùn tirẹ̀ mú. Ó ń fọwọ́ wá a kiri, ó gbá irun Àyọ̀ká mú, ó wọ́ ọ jáde. Àyọ̀ká bi omi títí kó tó mí.

Ìlú péjọ. "Àyọ̀ká, àwọ̀ wo lo rí?"

Ojú tì í. Ó ní, "Ti Àwẹ̀ró nìkan ni mo rí."

Wọ́n bi Àwẹ̀ró. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni mò ń wá, n ò wo ìgbín."

Lọ́dún náà, aṣọ funfun tí wọn kò rẹ ni gbogbo ìlú fi ṣọdún.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe ìlara. Ẹni tó tẹjú mọ́ nǹkan ẹlòmíì kò ní rí tirẹ̀, bó tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ibi tí ààlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyẹn.