Ata Àyọ̀ká Nínú Ìkòkò Tuntun

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi kán tó, ó kán tó, ó kán tó, ó kán sórí ata kan ṣoṣo tó kù láyé.

Ní ayé àtijọ́, eṣú jẹ gbogbo ata ayé, títí dé ìlú kan. Wọ́n jẹ ewé, wọ́n jẹ èso, wọ́n jẹ gbòǹgbò. Ọbẹ̀ ìlú náà wá dà bí omi tí wọ́n fi fọwọ́. Àwọn àgbàlagbà ń jẹun, imú wọn ò ṣàn mọ́. Àwọn baálé ilé ń tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé.

Ata kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Inú yàrá obìnrin arúgbó kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká ló wà, nínú ìkòkò kékeré lẹ́bàá fèrèsé. Bí ata yìí bá kú, ata tán láyé nìyẹn.

Nígbà tó yá, ata dàgbà ju ìkòkò rẹ̀ lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ nísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ẹní rẹ̀ kúrú. Àyọ̀ká wá ìkòkò tó tóbi díẹ̀ sí i, ó lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ó gbé ata sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kó ilẹ̀dú yí i ká, ó bu omi igbá kan sí i. Omi tó ṣẹ́kù ro jáde ní ihò.

Àyọ̀ká ní, "Ó tó báyìí. Sinmi." Ó bá gba oko lọ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àyọ̀ká ní aládùúgbò mẹ́ta létí odò: Ọ̀pọ̀lọ́, Pẹ́pẹ́yẹ àti Akàn. Wọ́n gbọ́ pé ata ti kó lọ sílé tuntun.

Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Háà! Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí là ń kọ́kọ́ fún un?"

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Omi ni."

Akàn ní, "Kí la wá ń dúró ṣe?"

Ọ̀pọ̀lọ́ gbé omi wá. "Ata, kú ilé tuntun o!" Ó dà á sí i. Pẹ́pẹ́yẹ gbé omi wá. "Ata, kú ìrìn o!" Ó dà á sí i. Akàn náà da tirẹ̀. Ó wá rí i pé omi ń jò nísàlẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ilé tuntun, ó ti ń jò! Ta ló mọ ilé jákujàku yìí?" Ó fi amọ̀ dí ihò náà pa.

Ní ọjọ́ kejì, ata sorí kọ́. Gbogbo ewé rẹ̀ wálẹ̀.

Inú Ọ̀pọ̀lọ́ dùn. "Ẹ wò ó, ó ń kúnlẹ̀ kí wa!"

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Akàn ní, "Òùngbẹ tún ń gbẹ ẹ́. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe gbẹ."

Ata ò ní ẹnu rí. Ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in, ó sì fi kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀pọ̀lọ́, rọra o,
*Díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀.*
Pẹ́pẹ́yẹ, gbé igbá kalẹ̀,
*Díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀.*
Akàn, ṣí ìdí ilé,
*Díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀.*
Ẹsẹ̀ mi ń jẹrà lómi,
*Díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀.*

Ọ̀pọ̀lọ́ pàtẹ́wọ́. "Orin ọpẹ́ ló ń kọ!" Ni wọ́n bá tún da omi. Wọ́n dà á láàárọ̀, wọ́n dà á lọ́sàn-án, wọ́n dà á nírọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Àyọ̀ká dé láti oko. Ewé ata ti pọ́n, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyọ̀ká figbe ta. "Yéè! Òùngbẹ ti pa ata mi!" Òun náà gbé igbá omi.

Ìgbà náà ni Ekòló yọrí láti inú ilẹ̀dú. Ara rẹ̀ ti wú fún omi. Onítìjú ni Ekòló, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," ló wí, kò wojú Àyọ̀ká. "Kì í ṣe òùngbẹ. Ẹ ti ìka yín bọ ilẹ̀."

Àyọ̀ká ti ìka bọ̀ ọ́. Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni. Ó gbé ìkòkò, ó wúwo bí ewúrẹ́ tó lóyún. Ó yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó rí amọ̀.

"Ta ló dí i?"

"Èmi ni, Ìyá," Akàn dáhùn látẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

Àyọ̀ká yọ amọ̀ náà. Omi ya jáde, ó gba yàrá, ó gba ẹnu ọ̀nà. Pẹ́pẹ́yẹ lúwẹ̀ẹ́ gba inú rẹ̀ lọ sílé.

Àyọ̀ká ò fún ata lómi mọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké: "Ẹ wá wo ìkà! Ó ń fi òùngbẹ pa àlejò!" Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wo Àyọ̀ká bákan. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò gbé igbá. Láràárọ̀ ló ń ti ìka bọ ilẹ̀. Ó tutù. Ó tún tutù. Ó ṣì tutù. Nígbà tó gbẹ, ó bu omi igbá kan péré sí i, ó dúró títí ó fi ro tán. Lọ́jọ́ kejì, ewé kékeré kan yọ, kò tóbi ju èékánná ọmọ tuntun lọ.

Ata so. Wọ́n pín irúgbìn rẹ̀ yí ìlú ká. Ọbẹ̀ ta, imú ṣàn, ọkàn gbogbo wọn balẹ̀.

Àyọ̀ká ò gbàgbé Ọ̀pọ̀lọ́. Ó fún un ní odindi ata kan. Ọ̀pọ̀lọ́ gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta.

"Ìyá! Omi! Omi! Omi!"

Àyọ̀ká ti ìka rẹ̀ bọ omi, ó kán ẹ̀kán kan sí i lẹ́nu.

"Díẹ̀díẹ̀," ló wí.

Ìdí nìyí tí ojú Ọ̀pọ̀lọ́ ò fi padà sínú títí dòní, tó sì ń ké pe omi bí òjò bá ti ṣú.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé bí a bá ṣí ohun ọ̀gbìn nípò sínú ìkòkò mìíràn, ká fún un lómi lẹ́ẹ̀kan, ká sì ti ìka bọ ilẹ̀ ká tó fún un lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá sorí kọ́ ni òùngbẹ ń gbẹ.

Ibi tí ààlọ́ mi gbẹ sí nìyí.