Ọkọ̀ Òkété àti Ọkọ̀ Ẹkùn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó kùn hùùù bí ọkọ̀, ó gúnlẹ̀ sórí Òkété àti Ẹkùn.

Ẹ̀yin ọmọ, àwọn méjèèjì jogún ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ́ńjìnnì ti Ẹkùn ní sílíńdà mẹ́fà tó ń fún un lágbára. Ti Òkété, mẹ́rin péré. Wọ́n pinnu pé ọkọ̀ tó bá kẹ́yìn dé òdìkejì odò á di ilé adìyẹ.

Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, Ẹkùn ré kọjá fìrì, ó da eruku bo àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀. Òkété ní tirẹ̀, bó ṣe ń wọ́ lọ ló ń kí wọn: "Ẹ kú oko o!"

Lórí òkè, ọkọ̀ Ẹkùn gbóná, ó dúró díẹ̀ kó tutù; Òkété lé e bá. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ odò, ẹrẹ̀ mú ọkọ̀ méjèèjì. Àwọn àgbẹ̀ dé bá wọn, Òkété sì forin bẹ̀ wọ́n. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ bá mi tì í o!
Tì í, kó lọ!

Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n tì í sọdá.

Ẹkùn ké: "Èmi ńkọ́?"

Ẹtu, àgbà inú wọn, nu ojú. "Ẹ má bínú, eruku yín ò tíì jẹ́ ká rí yín."

Títí dòní, adìyẹ ló ń yé sínú ọkọ̀ Ẹkùn. Ó yá, ẹ dá mi lóhùn: sílíńdà mélòó ni "ẹ kú oko"?