Adétóun àti Ọkọ̀ Òfuurufú Pupa

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta nínú yín ló ti rí ẹni tó ti orí gun igi rí? Ìdí la ti ń gun igi, àmọ́ Adétóun kò gbà.

Ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ àgbà, tí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, pé òun yóò fi rìmóótù mú kí ti ìṣeré kékeré kan fò lójú wọn kí wọ́n tó padà sóko. Bùọ̀dá Gbọ́láhàn tó ń tà á na ọ̀kan tí wọ́n fi fóòmù ṣe sí i. "Èyí kì í yára. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣìṣe, á dúró dè ọ́."

"Bùọ̀dá, ṣé pẹ́pẹ́yẹ lẹ fẹ́ tà fún mi ni? Pupa ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn ni mo fẹ́."

Pupa gbéra bí ọta ìbọn. Nígbà tó kọjú padà sí Adétóun, ọwọ́ òsì ọkọ̀ ti di ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀. Ó darí rẹ̀ sódì, ọkọ̀ náà sì há sórí igi máńgòrò, apá rẹ̀ kan já bọ́.

Màmá àgbà wòkè títí. "Adétóun, ṣé ibẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń sùn?"

Adétóun padà lọ kúnlẹ̀ fún Bùọ̀dá, ó gba pẹ́pẹ́yẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Màmá di ẹrù oko, fóòmù náà rọra yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Màmá sì ń juwọ́ sí àwọn èrò inú rẹ̀.