Òfin Má-Kí-Àlejò ní Ìlú Ìmàdò

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìmàdò ọba, àti ìyá Etu tó sá fún iná. Ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ní ayé àtijọ́, iná jó ìlú àwọn Etu. Ó jó ilé, ó jó oko, ó jó abà. Àwọn tó kù sá lọ sí ìlú Ìmàdò, aládùúgbò wọn, wọ́n dúró sẹ́nu ibodè.

Àṣà ìlú Ìmàdò ni pé, bí wọ́n bá ti kí àlejò ní "ẹ kú àbọ̀", dandan ni kí wọ́n fún un lómi. Ẹni tó bá sì ti mu omi wọn, wọn kì í lé e mọ́.

Olóyè Ọ̀yà lọ bá ọba. Ó ní, "Kábíyèsí, àwọn wọ̀nyí pọ̀ jù. Bí a bá kí wọn pẹ́nrẹ́n, wọn ò ní lọ mọ́ nìyẹn."

Ọba ní, "Kí la wá fẹ́ ṣe?"

Ọ̀yà ní, "Kí ẹnikẹ́ni má kí wọn ni."

Ẹ gbọ́ làákàyè olóyè! Wọ́n sì ṣe é lófin. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí ará ẹnu ibodè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Àwọn tó ṣòfin yìí kan náà ló tún ń sọ lọ́jà pé àwọn Etu ya ara wọn sọ́tọ̀.

Ìyá Etu kan wà lẹ́nu ibodè pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ náà, ètè rẹ̀ ti bó. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ìyá á gbọn ìrì orí ewé kókò sínú ahá. Ìwọ̀nba yẹn lọmọ ń mu.

Lọ́jọ́ kan, Ìmàdò ọba dá lọ wo oko iṣu rẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀, ó jìn sí kòtò ọdẹ lẹ́yìn ibodè. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ará ìlú, ó forin bọnu. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ń kọjá lókè o?
— Òfin ò jẹ́ n dáhùn!
Èmi ọba yín ni mo jìn.
— Òfin ò jẹ́ n dáhùn!
Ẹ dákun, ẹ fà mí yọ.
— Òfin ò jẹ́ n dáhùn!

Ìgalà kọjá, ó ní òfin ni. Ehoro kọjá, ó ní òfin ni. Ọ̀yà fúnra rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Ẹ ò rí àwọn àlejò yìí, wọ́n ti ń pe ara wọn lọ́ba báyìí." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ìyá Etu tó gbọ́ orin náà níbi tó ti ń gbọn ìrì. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ju okùn sílẹ̀, wọ́n fa ọba yọ. Ọ̀fun ọba ti gbẹ, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá Etu wo ahá, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ kú àbọ̀. Omi rèé."

Ọba mu ún tán. Ìgbà tó gbé ahá kúrò lẹ́nu ló tó rí ọmọ tó ń wo ìdí ahá náà. Ojú tì í.

Ó délé, ó pe àwọn olóyè. Ó ní, "Mo ti mu omi wọn, ìrì tí wọ́n gbọn lórí ewé. Èmi gan-an ti di àlejò wọn."

Ọ̀yà ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ìrì ń jẹ́ omi?"

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Àwọn kan ní omi ni, àwọn kan ní kì í ṣe omi, àwọn kan ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ọba dìde láàárín wọn. Ó gbé ìkòkò omi ààfin lé orí ara rẹ̀, ó gba ẹnu ibodè lọ.

Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ má bínú pé ó pẹ́."

 Ọmọ Etu ti ki ẹnu bọ ìkòkò.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé òfin tó bá di etí wa sí igbe àlejò, kò ní jẹ́ ká gbọ́ igbe ara wa náà. Ibí ni mo sọ àlọ́ tèmi kalẹ̀ sí. Ní ti àwọn olóyè, wọ́n ṣì wà nípàdé. Ẹni tó bá sún mọ́ àmù, kó bu omi wá fún mi.